Kọ́kọ́rọ́ Tí Àlàájà Kọ̀ Láti Gbà

Ní ọjọ́ Àìkú Àjíǹde tó kọjá, nínú ọdún 1975 tí a wà yìí, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa kọ orin Àjíǹde tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, ẹnikẹ́ni kò sì ṣìnà. Èmi ni mo ṣe orin náà. Ọwọ́ ọ̀tún tí mo gbé sókè yìí, kí ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún náà lè rí i, ni mo fi kọ sólúfà rẹ̀ sílẹ̀, láti ohùn òkè títí dé báàsì. Nígbà ìkórè ọdún tó kọjá, ọwọ́ yìí kan náà kò lè di ṣíbí mú. Nítorí náà, ọpẹ́ ni kí n fi ṣáájú ọ̀rọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ọwọ́ mi padà fún mi, tó dá ohùn mi padà, tó sì jẹ́ kí n parí iṣẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ ná, kí n tó ṣàlàyé.

Ẹ ṣeun.

Púpọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí sí Ọ̀gá Akọrin. Fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Mushin ni mo ń gbé, inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní Sùúrùlérè sì ni mo ti ń darí orin láti ìgbà tí àwọn kan nínú àwọn bàbá tó jókòó síwájú yìí ṣì ń kọ ohùn ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti jókòó sí àyè mi láàárín akọrin tí mo ń gbọ́ ẹ̀rí. Mo ti gbọ́ ti ẹni tí wọ́n jí mọ́tò rẹ̀ tó sì rí i padà. Mo ti gbọ́ ti ẹni tó rí físà gbà lẹ́yìn tí wọ́n ti lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Tèmi dá lórí àwọn nǹkan kéékèèké tí í mú kí ènìyàn pòṣé kí ó tó jẹun àárọ̀: ife tó fọ́, bọ́tìnì tí kò wọlé, ará ilé tí kò jẹ́ kí ènìyàn kọjá. Èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni pé Ọlọ́run kò dáhùn àdúrà tí mo gbà láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Nítorí pé kò dáhùn rẹ̀ gan-an ni mo ṣe dúró níwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ẹni tó ni ilé tí a ń gbé ní Mushin ni Àlàájà Ṣìfáwù, opó Àlááji kan tó ti dolóògbé. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń kọjá lójú rẹ̀ tí kò ní bá wí. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni àpótí ìjókòó rẹ̀ wà láti òwúrọ̀. Bí ènìyàn bá ń jáde, yóò bi í bóyá ó ti kí àwọn tó wà nínú ilé. Bí ó bá ń wọlé, yóò bi í bóyá ó ti kí àwọn tó wà níta. Mo rí i lọ́jọ́ kan tí ó dá oníbúrẹ́dì padà láti ọ̀kánkán títì, kí ó wá gba búrẹ́dì rẹ̀ padà, kí ó sì tún un nà sí òun bí ọmọ tí a kọ́. Èmi, tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ilé àti ti ìwé, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa kọ́ mi ní ìwà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo bá ráhùn fún ìyàwó mi, ẹ̀rín ni í máa fi mí rín.

Yóò ní, "Ìwà kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ní. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ bá ọmọ aráyé wí ni ẹ ń torí rẹ̀ jà."

Ní àkókò ìkórè ọdún tó kọjá, ọmọ wa Adéọlá bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìyàwó mi ti ṣáájú lọ láti tọ́jú ìyá àti ọmọ, ó sì ku èmi nìkan nílé. Ọjọ́ Sátidé ni ìkómọ, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Jíbówú. Ará ìlú wa kan tó ń wakọ̀ lọ sílé ti bá mi fi àyè kan pa mọ́ níwájú, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí ọkọ̀ òun bá ti kún, kò sí bàbá tí òun ń dúró dè.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, mo jí, ọwọ́ ọ̀tún mi sì kú díẹ̀ bí ọwọ́ tí ènìyàn sùn lé. N kò kà á sí. Mo bu tíì, ife já bọ́, ó fọ́ sáàárín yàrá. Ife tangaran dáadáa ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ìyàwó mi kì í jẹ́ kí àlejò fọwọ́ kàn. Mo pòṣé. Mo fẹ́ fá irùngbọ̀n, abẹ ge àgbọ̀n mi. Mo fẹ́ lọ agbádá tí mo fẹ́ wọ̀ níbi ìkómọ, áyọ́ọ̀nù eléèédú yọ̀ lọ́wọ́ mi, kí n sì tó gbé e kúrò, ó ti jó iwájú agbádá náà. Mo ní kò burú, mo ní agbádá mìíràn. Mo wọ bùbá, bọ́tìnì kọ̀ kò wọ ojú ihò rẹ̀. Mo tì í, ó yọ. Mo tún tì í, ó yọ. Gbogbo èyí ni mò ń ṣe tí aago ń lọ.

Kí ni onígbàgbọ́ máa ń rò nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ bá há báyìí? Ẹ mọ̀ ọ́n. Mo ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Mo ní Èṣù kò fẹ́ kí n fi ojú kan ọmọ-ọmọ mi. Mo dúró láàárín àfọ́kù ife yẹn, mo gbàdúrà kíkankíkan. Mo bá ọ̀tá wí. Mo ní kí Olúwa mú gbogbo ìdíwọ́ kúrò lójú ọ̀nà mi, kí Ó má ṣe jẹ́ kí nǹkan kan tún dá mi dúró títí n ó fi dé inú ọkọ̀ ní Jíbówú. Ẹ̀yin ará, bí Ọlọ́run bá ti gbọ́ àdúrà yẹn ni, èmi ì bá má sí níbí lónìí. Àánú Rẹ̀ pọ̀ ju òye mi lọ. Ó fi àdúrà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, Ó sì fi Àlàájà Ṣìfáwù sí ẹnu ọ̀nà.

Àṣà ilé wa ni pé ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò a máa fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àlàájà. Mo gbé àpò mi, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti kírun tán, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kà á jẹ́jẹ́.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Àlàájà. Kọ́kọ́rọ́ wa nìyí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni a ó dé."

Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà. Kò na ọwọ́.

"Bàbá Adéọlá, ta ni ẹ ń nà án sí?"

"Ẹ̀yin ni, Àlàájà."

"Èmi Ṣìfáwù? Pẹ̀lú ọwọ́ òsì?"

Mo wò ó. Lóòótọ́, ọwọ́ òsì ni mo nà. N kò mọ ìgbà tí mo gbé e síbẹ̀. Mo ní kí ó má bínú, ìkánjú ni.

Ó ní, "Ẹni tó ń kánjú náà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò yìí, ẹ̀yin lẹ wá ń na òsì sí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ mi. Ẹ fi ọ̀tún na án, kí n gbà á, kí ẹ máa lọ. Ẹ bá mi kí Ìyá Adéọlá."

"Àlàájà, ọkọ̀ ń lọ."

"Kó máa lọ. Ṣé òun nìkan ni wọ́n ṣe ni? Ọwọ́ ọ̀tún, Bàbá Adéọlá."

Mo tún gbàdúrà nínú mi pé kí Olúwa bá mi mú obìnrin yìí kúrò lójú ọ̀nà. Mo sọ àpò kalẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ bọ ọwọ́ ọ̀tún, mo nà án. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì.

Àlàájà ní, "Ó tún ti di pé ẹ ń sọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ẹ kúkú pè mí ní adìyẹ kí n mọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Àwọn ìka mi wà lórí kọ́kọ́rọ́ náà, mò ń rí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ká mọ́ ọn. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ọwọ́ ara mi dáadáa láti òwúrọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọwọ́ yìí ń ṣe mí bákan. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó dà bí ohùn ẹni tí iṣu gbígbóná kún ẹnu rẹ̀.

Àlàájà, tí kò tíì parí ìjà rẹ̀, dìde lójijì lórí àpótí. Ó wá sún mọ́ mi, ó ń wo ojú mi.

Ó ní, "Bàbá Adéọlá, ẹ rẹ́rìn-ín kí n rí i."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mo ní kí ẹ rẹ́rìn-ín."

Mo gbìyànjú. Apá kan ojú mi ló gbọ́, apá kejì kò gbọ́. Ojú Àlàájà yí padà.

Ó ní, "Bó ṣe mú Àlááji nìyí. Ó ní òun ń kánjú lọ sọ́jà, àwa náà ní kó máa lọ."

Ó wá pe Mudaṣíírù. Ọmọkùnrin náà ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tasí ló ń wà, ó sì ń fọ ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé lọ́wọ́. Ó ní òun kò tíì fọ táyà tán. Àlàájà sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí n kò lè tún sọ níwájú pẹpẹ. Wọ́n gbé mi sínú tasí tó ṣì ń kán omi, Àlàájà wọlé tẹ̀lé mi láìwọ bàtà, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nítorí mi títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Dókítà sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ mi ti ru kọjá ààlà, àrùn rọpárọsẹ̀ ló sì ti ń mú mi láti òwúrọ̀. Ife tó bọ́, abẹ tó yọ̀, áyọ́ọ̀nù, bọ́tìnì, gbogbo ohun tí mò ń bá Èṣù wí sí, ọwọ́ mi ló ń ké sí mi. Dókítà ní bí mo bá ti wọ ọkọ̀ yẹn ni, èyí tó burú jù ì bá bá mi láàárín igbó, kí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀ tó mọ̀ pé kì í ṣe oorun ni mò ń sùn. Ẹ fi ara yín sí ipò mi. Ẹni tí àyè rẹ̀ wà níwájú, tó fi orí ti gíláàsì, tí àwọn èrò ń sọ fún ara wọn pé bàbá ti rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Ìsinmi náà ni ì bá jẹ́.

Ìkómọ kọjá láìsí èmi níbẹ̀. Orúkọ tí mo ti mú sílẹ̀ ni wọ́n sọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n n kò lè pe orúkọ yẹn. Nígbà tí ìyàwó mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tó bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ ni "àà". Ó bi mí bóyá mo mọ òun. Mo ní "àà". Ó jáde lọ síta, ó pẹ́ kí ó tó wọlé padà. Mo mọ ohun tó lọ ṣe. Èmi pẹ̀lú ń ronú. Adarí orin tí kò ní ohùn tí kò sì ní ọwọ́, kí ni yóò fi darí? Orin Àjíǹde yẹn ti wà lórí mi kí àìsàn tó dé, n kò tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo rò pé yóò bá mi wọ ilẹ̀.

Ọlọ́run tún wá fi ohun ìbínú mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ mi. Bàbá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀lé tèmi, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Onígbàgbọ́ ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orin kan náà ni yóò máa kọ, orin tí gbogbo wa mọ̀, ó sì ní ibì kan nínú rẹ̀ tí kò kọ dáadáa rí. Mì ti sólúfà ló wà níbẹ̀. Fà ló máa ń kọ. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì. Pẹ̀lú ìdánilójú ni, yóò sì fa fà náà gùn. Ẹ̀yin tí ẹ kọrin lábẹ́ mi mọ ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí mi. N kò lè sọ̀rọ̀, n kò lè yí ara padà, n kò lè kúrò níbẹ̀. Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí wọ́n gbé bàbá yìí lọ sí yàrá mìíràn. Wọn kò gbé e lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ lẹ́nu ibẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ tó ń bọ̀. Kí ó tó fẹnu kan fà, mo kọ mì. Ó jáde ketekete, ó mọ́ bí agogo.

Bàbá náà ní, "Ta nìyẹn?"

Nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn ní, "Bàbá Tíṣà ni. Ẹ tún un ṣe, sà."

Mo tún un kọ, mo sì kọ ọ́ títí dé òpin ìlà náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló pé lẹ́nu mi. Àwọn tó wà nínú yàrá ń wò mí. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí, "àà" ni mo rí sọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó kọ̀ láti fi ẹsẹ̀ rìn jáde gbà láti gun orin jáde. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá fẹ́, mo ní láti kọ ọ́ lórin. Mo kọ omi lórin. Mo kọ ìgbẹ́ lórin, ẹ má rẹ́rìn-ín, àwọn nọ́ọ̀sì ti rẹ́rìn-ín tó. Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn orin náà ń tẹ́ sílẹ̀, títí ó fi di ọ̀rọ̀ lásán bí ti gbogbo ènìyàn.

Bàbá rélùwéè yẹn sọ fún mi pé, "Ẹ̀yin lẹ ti ń bá mi wí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọrin, àbí? Mò ń rí ojú yín."

Mo ní, "Mì ló wà níbẹ̀, bàbá."

Ó ní, "Mo mọ̀. Fà ló dùn mọ́ mi."

Títí mo fi kúrò níbẹ̀, fà ló ń kọ. Ọlọ́run bùkún un níbikíbi tó bá wà.

Nígbà tí mo padà sílé, ohùn ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tíì gbọ́ràn. Ó wù mí kí n jókòó jẹ́jẹ́, kí ìyàwó mi máa fi ṣíbí bọ́ mi, kí àwọn ará ìjọ máa wá kí mi. Àlàájà kò gbà. Òun ló ń gbé ẹ̀kọ mímu mi wá láràárọ̀, kì í sì í fi abọ́ lé tábìlì.

"Bàbá Adéọlá, ọwọ́ wo?"

"Ọ̀tún ni, Àlàájà."

"Ó yá, ẹ gbà á."

Ẹ̀kọ a dà sí mi lára. Yóò lọ bu òmíràn. Ìyàwó mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ le.

Àlàájà ní, "Ìyá Adéọlá, ẹ yọwọ́. Ó jẹ mí ní ọwọ́ ọ̀tún kan láti ọjọ́ kọ́kọ́rọ́, n ó sì gbà á."

Inú bí mi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé bí ara mi bá yá, a ó kó kúrò nílé yìí. Ṣùgbọ́n ìbínú yẹn ni mo fi ń na ọwọ́ náà láràárọ̀. Ìka kan kọ́kọ́ ká, òmíràn tẹ̀ lé e, títí di ọjọ́ tí mo gba abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́ Àlàájà, tí kò dà, tí mo gbé e dé ẹnu. Ó wò mí títí mo fi mu ún tán. Kò yìn mí. Ó ní ẹ̀kọ náà kò ní ṣúgà tó, ó sì jáde lọ. A kò kó kúrò.

Ó wá ku orin. Arábìnrin Fọláṣadé, tó jẹ́ olórí àwọn àlùtó wa, ìyẹn àwọn obìnrin ohùn kejì, tó sì ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, sọ pé òun yóò máa yà lọ́dọ̀ mi tí ilé ìwé bá ti parí, kí n máa kọ ọ́ lẹ́nu, kí òun máa kọ ọ́ sórí ìwé. Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò kọ́ sólúfà rí, pé bí a bá kọ ọ́ sórí ìwé, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní láti dúró lórí ara wọn, kí ìlù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n àkókò inú orin, bọ́ sábẹ́ ìlù, kí àmì bọ́ sábẹ́ àmì. Bí kò bá gún, akọrin yóò túká sí ọ̀nà mẹ́rin. Ohun tí ọmọbìnrin yìí kọ fún mi wọ́ bí ẹni ń gun òkè. Sọ̀pránò, ohùn òkè, ti parí lápá ọ̀tún ìwé, báàsì ṣì ń bọ̀ láàárín.

Mo ní, "Fọláṣadé, kí ni èyí?"

Ó ní, "Orin yín ni, Bàbá."

"Àmì wọ̀nyí kò gún."

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá, wọn yóò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú. Àti pé àlùtó kò lè sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí ẹ fi wọ́n sí yìí. Ohùn wọn yóò tán lọ́nà."

"Wọn yóò sọ̀kalẹ̀."

"Wọn kò ní sọ̀kalẹ̀, Bàbá. Èmi ni mò ń kọ ohùn náà."

N kò sùn dáadáa nítorí ìwé yẹn. Nígbà tó tún dé, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní wíwọ́, mo ní kí ó gbé pẹ́ńsùlù wá. Ó fi lé mi lọ́wọ́ láìjiyàn. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo kọ dà bí ibi tí adìyẹ ti tan ilẹ̀, ṣùgbọ́n àmì bọ́ sábẹ́ àmì. Mo kọ èkejì. Láàárín àkókò Lẹ́ńtì, mo ti fi ọwọ́ mi kọ gbogbo orin náà sílẹ̀, ìwé tí àwọn akọrin sì dì mú ní ọjọ́ Àjíǹde nìyẹn. Nígbà tí a ń dánra wò, ohùn àwọn àlùtó tán lọ́nà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Mo yí i padà sí bí ó ti fẹ́ ẹ, ó sì dára ju tèmi lọ.

Lẹ́yìn Àjíǹde, mo ya ilé ìwé tí ó ti ń kọ́ni. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ lórí pátákó. Ó gún bí ẹni fi rúlà fà á, ìlà sábẹ́ ìlà. Mo bi í léèrè bí ó ti jẹ́ pé ti orin mi nìkan ló wọ́. Ó ní, "Bàbá, iná yàrá yín ni kò mọ́lẹ̀." N kò bi í mọ́.

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, n kò wá sọ fún yín pé gbogbo ohun tó ń bí ènìyàn nínú ló ní ìbùkún lábẹ́. Omi ẹ̀rọ kò yọ nílé wa láàárọ̀ yìí, mo sì ti wò ó yíká, n kò rí oore kankan níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Mo ṣì ń pòṣé. Àlàájà, tó fún mi ní ọlá láti jókòó sí ìlà ẹ̀yìn lónìí, lè jẹ́rìí sí i, nítorí a ti jà kí a tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n n kì í yára bá ọ̀tá wí mọ́. Bí ohun kan bá di ọ̀nà mọ́ mi, mo máa ń dúró díẹ̀, mo máa ń wo ara mi, mo sì máa ń bi Ọlọ́run bóyá Òun ni. Ẹni tó bá ti gbàdúrà láàárọ̀ yìí tí kò tíì rí ìdáhùn, kí ó fara balẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kíkọ̀ tí Ọlọ́run kọ̀ ni Ó fi ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ara mi balẹ̀. Mo ti gbé ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́, mo ti pè é ní orúkọ rẹ̀, ó sì ti fa irùngbọ̀n mi. Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹni tó bá ti gba oore láti ọwọ́ ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu rí, kí ó dìde bá mi yọ̀, kí a fi orin gbà á.

Kì í ṣe èmi ni yóò darí rẹ̀. Dókítà ti sọ pé kí n dín iṣẹ́ kù, Àlùfáà àti àwọn àgbà ìjọ sì ti fọwọ́ sí ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí. Fọláṣadé, bọ́ síwájú. Àwọn ìwé orin wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí. Àwọn tẹ́nọ̀ máa ń sáré, fà wọ́n sẹ́yìn. Bí o bá ní ohùn kan tí kò bá tèmi mu, tìrẹ ni kí o tẹ̀ lé. Mo fi ẹgbẹ́ akọrin ìjọ yìí lé ọ lọ́wọ́ lónìí, ọjọ́ Àìkú Mẹ́talọ́kan, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ọdún 1975.